Bí wọ́n ṣe ń wo The Gold Rush tí kò fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ẹni tó bá gbọ́ pé fíìmù kan ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, pé kò lóhùn, pé dúdú-àti-funfun sì ni, ti rí ìdí mẹ́ta tí kò fi ní wò ó. Síbẹ̀, The Gold Rush, tí Charlie Chaplin kọ, tó darí, tó sì kópa jù lọ nínú rẹ̀, ò tíì jáwọ́ nínú pípa èèyàn lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 1925 tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e sójú ní Hollywood. Nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 2025, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn tó wò ó tí kò dùn mọ́ wọn náà wà, wọn ò sì kéré. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n bí wọ́n ṣe wò ó, ẹ ó rí i pé ibẹ̀ gan-an ló ti bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìtàn rẹ̀ kò díjú. Ọkùnrin kékeré kan, onífìlà róbótó, onírunmú ṣíún, tó wọ kóòtù fífún lé ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀, tó mú ọ̀pá dání, forí lé ilẹ̀ yìnyín ní àríwá Amẹ́ríkà láti wá góòlù, nígbà tí ariwo góòlù Klondike gba ayé kan ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìjì yìnyín ká a mọ́ inú ahéré kan pẹ̀lú Big Jim, òmìrán ọkùnrin tí Mack Swain ṣe, àti Black Larsen, ọ̀daràn tí ìjọba ń wá. Oúnjẹ tán. Nígbà tó bọ́ níbẹ̀ tó dé ìlú, ìfẹ́ Georgia, ọmọge ilé ijó, kó sí i lórí. Georgia ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà láyé.

Ebi ni olórí òṣèré fíìmù yìí. Chaplin ló ṣe ìkejì. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, inú ebi yẹn gan-an ni Chaplin ti fa gbogbo ẹ̀rín rẹ̀ yọ. Òun fúnra rẹ̀ mọ ohun tó ń sọ: ọmọ ọdún méje péré ni nígbà tí wọ́n kó o lọ sí ilé tí ìjọba ń kó àwọn aláìní sí ní Lambeth, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá gbójú kúrò lára ebi yẹn, á kàn rí ọkùnrin kan tó ń ṣubú tó ń dìde.

Ẹ má kàn mú ẹ̀dà tó bá kọ́kọ́ yọjú

Bí ẹ bá wá orúkọ fíìmù náà lórí YouTube, oríṣiríṣi ẹ̀dà ni ẹ ó rí. Àwọn kan burú débi pé ẹni tó bá ti inú wọn mọ Chaplin ò tíì mọ̀ ọ́n rárá.

Eré sísá ni ìṣòro àkọ́kọ́. Láyé ìgbà náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà, àwòrán tó sì ń yà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan kì í sábà tó 24, iye tí àwọn fíìmù olóhùn wá fi ṣe òṣùwọ̀n lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá wá gbé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ sórí ẹ̀rọ tó ń sáré ní 24, gbogbo èèyàn inú rẹ̀ á máa sá kítíkítí bí èèrà tí wọ́n da omi gbígbóná sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí Chaplin ṣe ń rìn nìyẹn. Bí yìnyín bá ń já bọ́ bí òjò tó ń kánjú, tí àwọn tó jókòó sídìí ọtí ń mi orí bí alángbá, ẹ pa ẹ̀dà yẹn tì.

Ìṣòro kejì jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Chaplin fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Ní 1942, ó gbé fíìmù náà jáde lẹ́ẹ̀kejì. Ó yọ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sójú àwòrán kúrò, ó fi ohùn ara rẹ̀ ròyìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó fi orin sí i, ó sì gé e kù láti nǹkan bí ìṣẹ́jú 95 sí 72. Wọ́n dárúkọ ẹ̀dà yìí fún àmì ẹ̀yẹ Oscar méjì, ti orin àti ti ohùn, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn ń sọ fún wa ohun tí ojú wa ti rí tán, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tí kò gbà pé a gbọ́n.

Ọgbẹ́ tó dá sínú ìtàn tún wà níbẹ̀. Nínú ẹ̀dà 1925, Georgia kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí Jack, ọkùnrin arẹwà ìlú. Jack fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí wọ́n gbé e fún ọkùnrin kékeré wa, òun náà sì rò pé òun ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ayọ̀ tó mú un débi pé ó ń fò kiri ilé ijó jẹ́ ayọ̀ orí irọ́, ó ń pani lẹ́rìn-ín, ó sì ń dun ni. Ní 1942, Chaplin yí i padà, ó ní òun gan-an ni lẹ́tà náà wà fún. Ó tún gé ìfẹnukonu tó parí fíìmù náà dànù. Kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ohun yòówù kó fà á, èmi ò bá a fọwọ́ sí i.

Ẹ kọ́kọ́ wo ti 1925. Kevin Brownlow àti David Gill, àwọn tó ń ṣàtúnṣe fíìmù àtijọ́, ló tò ó jọ padà ní 1993, èyí tí wọ́n sì tún ṣe ní 2025 mọ́ kedere. Bí ẹ bá gbọ́ tí ọkùnrin kan ń ròyìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ti 1942 lẹ mú yẹn.

Ẹ má fi ìran bàtà nìkan mọ̀ ọ́n

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nìyí, fóònù ló sì mú un pọ̀ sí i. Wọ́n á gé ìṣẹ́jú méjì sọ́tọ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹni tó gbà á á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á sì rò pé òun ti mọ fíìmù náà.

Ìran bàtà ni wọ́n sábà máa ń gé. Ọjọ́ Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ni, ọjọ́ tí ilé tó rí já jẹ á se tòlótòló. Chaplin se bàtà ara rẹ̀ kan sínú ìkòkò. Ó ń fi fọ́ọ̀kì gún un wò, ó ń bu omi rẹ̀ lé e lórí bí ẹni tó ń se àsè. Ó gbé e sínú àwo, ó la á sí méjì. Big Jim wo ìpín tirẹ̀, ó rí i pé ibi awọ òkè dáa ju àtẹ́lẹsẹ̀ oníṣòó lọ, ó sì pààrọ̀ àwo. Ọ̀rẹ́ wa ò jà. Ó ká okùn bàtà mọ́ fọ́ọ̀kì bí èèyàn ṣe ń ká spaghetti, ó ń mu ìṣó kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń mu eegun adìẹ. Kò fi ojú sọ fún wa níbì kankan pé òun ń ṣàwàdà. Ó ń jẹun bí ọmọlúàbí tí wọ́n pè síbi ìnáwó.

Licorice, súìtì dúdú kan tó máa ń fa àpọ̀jù ìgbẹ́, ni wọ́n fi ṣe bàtà yẹn. Àwọn tó kọ ìtàn iṣẹ́ Chaplin sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ya ìran náà, pé wọ́n tún un yà nígbà 63, àti pé inú àwọn òṣèré méjèèjì ò dákẹ́.

Ẹni tó wo ìran yẹn nìkan á rí ọ̀gbọ́n ọwọ́. Ẹni tó wo fíìmù láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé káàdì ni wọ́n fi mú ẹni tó máa jáde lọ wá oúnjẹ nínú ìjì, pé Black Larsen ló já lé lórí, pé ó pa òṣìṣẹ́ ìjọba méjì lọ́nà, kò sì bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá gbà wọ́n. Lẹ́yìn bàtà, ebi ò lọ: Big Jim bẹ̀rẹ̀ sí í rí Chaplin bí adìẹ ńlá, ó sì lé e pẹ̀lú ìbọn. (Chaplin fúnra rẹ̀ ló wọ aṣọ adìẹ náà. Wọ́n dá kámẹ́rà dúró, wọ́n yí fíìmù padà sẹ́yìn nínú rẹ̀, wọ́n sì ya adìẹ lé ibi tí èèyàn ti dúró. Kọ̀ǹpútà wo?)

Ohun tí gígé-gègé yẹn sì fi ń pani lára jù ni ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí. Bàtà tí wọ́n jẹ kò padà. Láti ìgbà náà lọ, àkísà ló wé mọ́ ẹsẹ̀ kan, àkísà yẹn ló gbé wọ ilé ijó, òun ló fi bá Georgia jó. Nínú àwàdà tí kò dáa, bí ìran bá ti kọjá, ó kọjá nìyẹn. Chaplin jẹ́ kí ẹni tó jẹ bàtà rẹ̀ máa rìn láìní bàtà.

Ti búrẹ́dì tó ń jó ńkọ́? Ó gún búrẹ́dì róbótó méjì ní fọ́ọ̀kì, ó gbé orí ara rẹ̀ sókè wọn, wọ́n wá dà bí ẹsẹ̀ oníjó. Roscoe Arbuckle, aláwàdà fíìmù mìíràn láyé ìgbà náà, ti ṣe irú rẹ̀ nínú The Rough House ní 1917, ọdún mẹ́jọ ṣáájú, kò sì sẹ́ni tó ń rántí tirẹ̀ àfi àwọn tó ń ṣèwádìí. Eré ìdí oúnjẹ lásán ni ti Arbuckle. Ti Chaplin, àlá ni. Ó ti pe Georgia àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá jẹun ní alẹ́ ọjọ́ tí ọdún ń parí. Kó lè rówó se oúnjẹ náà, ó ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń dà á sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kejì kí iṣẹ́ má bàa tán. Ó tẹ́ tábìlì, ó dúró, wọn ò dé, ó sùn lọ. Orí tábìlì yẹn, lójú oorun, ni búrẹ́dì ti jó fún àwọn àlejò tí kò wá. Ẹ gé gbogbo èyí kúrò, ẹ ti dá a padà sí ti Arbuckle nìyẹn.

Ẹ má ṣe ògbufọ̀ sí i

Bí ẹ bá ń fi han àwọn òbí yín tàbí àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ panu mọ́. Màmá tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì rárá á mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí Big Jim àti Larsen ti ń jìjàkadì lórí ìbọn, tí ẹnu ìbọn ń tẹ̀ lé Chaplin dé gbogbo ibi tó bá sá sí. Ẹ bá wọn ka ọ̀rọ̀ tó bá hàn lójú àwòrán ní Yorùbá, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má pè é ní eré ọmọdé, ẹ má sì sọ ẹni tó ṣe é di ẹni mímọ́

Àwọn ọmọ lè wò ó, wọ́n sì máa ń gbádùn rẹ̀, pàápàá níbi tí ìjì ti gbé ahéré dé bèbè ọ̀gbun, tí ó ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún, tí Chaplin sì rò pé ọtí àná ló ń yí òun lójú. Àmọ́ ìbẹ̀rù àgbà ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Chaplin ti ka ìtàn ẹgbẹ́ Donner, àwọn arìnrìn-àjò tí yìnyín há mọ́ orí òkè Sierra Nevada ní ìgbà òtútù 1846 sí 1847, tí díẹ̀ nínú wọn jẹ awọ, tí wọ́n sì jẹ ẹran ara àwọn tó kú. Ibẹ̀ ni bàtà ti wá. Ibẹ̀ náà ni èèyàn tó di adìẹ lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wá.

Lẹ́yìn kámẹ́rà pẹ̀lú, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dùn-ún gbọ́. Lita Grey ni wọ́n kọ́kọ́ mú láti ṣe ọmọge ilé ijó, ọmọ ọdún 15 sì ni. Kí ọdún 1924 tó parí, ó ti lóyún fún Chaplin, ẹni ọdún 35. Wọ́n ṣègbéyàwó ní Mẹ́síkò, Georgia Hale sì gba ipò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn fíìmù yìí kò gbọdọ̀ máa fo ojú ìwé yẹn.

Ẹ̀yin tó ń ṣe skit, ẹ má jí ìṣubú láìjí ebi

Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbí, nítorí àwọn skit wa kún fún ìgbájú, ìṣubú àti ariwo tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Èèyàn ṣubú, ohùn kan dún “gbòà”, kámẹ́rà sáré wọ ojú ẹlòmíràn tó la ẹnu sílẹ̀. Ẹ wo bí Chaplin ṣe gbé kámẹ́rà rẹ̀ jìnnà, kí a lè rí òun láti orí dé ẹsẹ̀. Níbi tí atẹ́gùn ti ń gbá a wọ ẹnu ọ̀nà kan tó ń gbá a jáde lẹ́nu ọ̀nà kejì, kò gé e sí wẹ́wẹ́. Ojú wa ló ń jẹ́rìí pé ara rẹ̀ ló ń ṣe é.

Ara tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kì í bọ́ láti ojú ọ̀run. Láti 1908 ni Chaplin ti wà lórí ìtàgé pẹ̀lú ẹgbẹ́ aláwàdà Fred Karno ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di 1914 kó tó máa ṣe fíìmù. Tiwa náà, Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún pa èrò lẹ́rìn-ín lójúkojú kó tó gbé àwàdà rẹ̀ dé sinimá ní 1982. Iwájú èrò ni wọ́n ti kọ́ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dúró.

Àwọn kan á ní owó ni Chaplin fi jù wọ́n lọ. Lóòótọ́ ó náwó. Ó kó nǹkan bí 600 ọkùnrin lọ sí Truckee ní California ní 1924 láti ya ìlà àwọn awágóòlù tó ń gun òkè yìnyín, ó sì kọ́ òkè mìíràn sínú ọgbà iṣẹ́ rẹ̀ ní Hollywood, tó fi iyọ̀ àti ìyẹ̀fun ṣe yìnyín ibẹ̀. Ẹ bi ẹni tó bá ti wo fíìmù náà kí ló rántí. Ta ló ń dárúkọ 600 ọkùnrin yẹn? Tábìlì kan, fọ́ọ̀kì méjì àti búrẹ́dì méjì ni wọ́n á sọ.

Kí ẹ tó gbé skit yín sójú ayé, ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ gbé e fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: kí ni ọkùnrin yìí ń wá kó tó ṣubú? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ padà lọ yà á.