Bí ẹ ṣe lè gba ìwé àṣẹ hijáàbù tàbí irùngbọ̀n nínú Army Amẹ́ríkà

Láàárín oṣù kan, ọmọ mẹ́ta ló pè mí lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ àbúrò ìyá mi ló pè kẹ́yìn, láti Maryland. Ó ti yege ìdánwò àtiwọ iṣẹ́ ológun, síbẹ̀ ṣe ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó yọ ẹran nínú ìkòkò: “Àǹtí, ṣé wọ́n máa ní kí n ṣí orí sílẹ̀ ni?” Inú sítọ̀ Army tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni mo wà, mò ń ka bàtà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn, hijáàbù lórí. Mo ní kó gbóhùn sókè, kò jalè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹnu mi lè sinmi. Army nìkan ni mo mọ̀ dáadáa o. Navy, Air Force àti Marines ní ìlànà tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kan náà ló wà lórí gbogbo wọn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ̀tọ́ yìí ti wá, torí ó máa hàn nínú bí ẹ ṣe máa kọ lẹ́tà yín. Júù kan wà ní Air Force láyé ìgbà kan, Simcha Goldman, kápútéènì ni, rábì, ìyẹn àlùfáà Júù, sì ni. Wọ́n ní kó yé dé fìlà kékeré táwọn Júù máa ń dé, ó bá gbé wọn lọ sí kóòtù. Ní 1986, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kò jàre, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Kò pé ọdún méjì táwọn aṣòfin fi ṣe òfin tuntun, pé ológun lè lo ohun ẹ̀sìn mọ́ yunifọ́ọ̀mù bó bá mọ́ tónítóní tí kò sì ṣe ṣekárími, àyàfi bó bá máa dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Òfin mìíràn tún dé ní 1993: ìjọba kò gbọdọ̀ dí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láìní ìdí tó rinlẹ̀, bí ìdí bá sì wà, ọ̀nà tó máa ni onítọ̀hún lára mọ níwọ̀n ni kí wọ́n gbà. Àwọn Sikh, ìyẹn ẹlẹ́sìn kan láti Íńdíà, ló wá lànà fún wa. Simratpal Singh, kápútéènì tó jáde ní West Point, iléèwé àwọn ọ̀gá Army, pẹjọ́ ní 2016 nítorí láwàní àti irùngbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní ọdún 2017, Army ti gbé ìlànà jáde fún láwàní, irùngbọ̀n àti hijáàbù. Ẹ bá mi kí ọkùnrin Sikh tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ pàdé.

Ọmọ Ìwó ni mí. Ní 2016 yẹn, nílùú mi, ìjà hijáàbù le débi pé àwọn ọmọ iléèwé kan wọ aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wá kíláàsì láti fi gbẹ̀san. Orí fóònù ni mo ti ń wò ó, nínú yàrá tí mo háyà ní Houston. Mo rò pé ilẹ̀ òyìnbó ni màá ti jà jù. Ìwé ni mo kàn kọ.

Kí ẹ tó búra ni àsìkò tó dáa jù. Òfin fàyè gbà á kí ẹni tó fẹ́ wọṣẹ́ béèrè kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Recruiter, ìyẹn ẹni tó ń gba ènìyàn sí iṣẹ́ ológun, lè sọ fún yín pé “kọ́kọ́ wọlé ná, tó o bá dé ọ̀hún, wọ́n á bá ẹ ṣe é.” Tèmi sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọlúàbí ni, àmọ́ iye ènìyàn tó bá mú wá lóṣù ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ rẹ̀, ìwé mi sì máa fà á sẹ́yìn. Mo gbọ́ tiẹ̀, mo wọlé, mo sì ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láìbo orí ní Fort Jackson, South Carolina. Ẹ ní ẹ fẹ́ béèrè kí ẹ tó búra, kí ẹ gbà á ní kíkọ pé ẹ ti béèrè, kí ẹ sì dúró de èsì. Iṣẹ́ ológun ò ní kó ẹsẹ̀ sálọ.

Lẹ́tà gan-an ló ku. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, bí ìgbà tí wọ́n ń kọ̀wé ìtọrọ ìyàwó ni. Mo fi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo fi àdúrà fún ọ̀gá àtàwọn ọmọ rẹ̀ parí, ojú ewé méjì gbáko. Ọ̀gá kọ́ḿpánì, ìyẹn ọ̀gá ẹgbẹ́ ológun tí mo wà, pè mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Kí gan-an lò ń béèrè?” Ó tọ̀nà. Kò sí ibì kankan tí mo ti sọ ọ́.

Ìkejì ò pé ojú ewé kan. Orúkọ mi, ipò mi. Òfin tí mo fẹ́ kí wọ́n yọ mí sílẹ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn ìwé òfin Army tí wọ́n ń pè ní AR 670-1, tó wà fún aṣọ àti ìrísí, àti AR 600-20 tó fún mi láyè láti béèrè. Lẹ́yìn náà ni mo wá là á mọ́lẹ̀ pé: hijáàbù ni mo fẹ́ máa lò, nígbàkigbà tí mo bá wà nínú yunifọ́ọ̀mù, títí kan aṣọ eré ìdárayá òwúrọ̀. Ẹ má fo apá eré ìdárayá yẹn. Ẹnìkan tí mo mọ̀ fò ó, aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ ni wàhálà rẹ̀ sì máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìpínrọ̀ kan ni mo fi sọ ìgbàgbọ́ mi: pé dandan ni bíbo orí fún mi níwájú ọkùnrin tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí mi, pé láti ọmọ ọdún méjìlá ni mo ti ń ṣe é, àti pé gbogbo òwúrọ̀ tí mo bá jáde láìbò ó ni ọkàn mi máa ń dá mi lẹ́bi. Ó tán. Ẹ má kọ wáàsí, ẹ má tò hádíìsì bíi ti ìdánwò ilé kéwú. Ohun tí ẹ̀yin gbà gbọ́ ni wọ́n fẹ́ mọ̀, wọn ò béèrè ohun tí gbogbo Mùsùlùmí gbà.

Lẹ́tà náà máa gba ọ̀dọ̀ àlùfáà ológun tí wọ́n ń pè ní chaplain, ẹ ó sì jókòó bá a sọ̀rọ̀. Ibí yìí ni kí ẹ dúró gbọ́ mi dáadáa. Lọ́jọ́ mìíràn, ohun tẹ́ ẹ bá sọ fún chaplain, abẹ́ ahọ́n rẹ̀ ló ń sùn. Ìjókòó yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ló máa fi kọ, àwọn ọ̀gá ló sì máa kà á. Torí náà, bí ìyàwó bá ń fi yín sílẹ̀ tàbí ọtí ń dà yín láàmú, ẹ gbé ìyẹn wá lọ́jọ́ mìíràn. Chaplain tèmi, onítẹ̀bọmi láti Alabama ni. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo bẹ̀rẹ̀, ta ló kọ́ mi, kí ni mò ń ṣe nígbà tí àwa obìnrin nìkan bá wà pọ̀. Mo dáhùn bó ṣe rí. Mo tún sọ fún un pé mi ò kí gbogbo ìrun mi lásìkò, mo rò pé ìyẹn máa bà á jẹ́. Ó kàn ń mi orí, ó ń kọ ọ́ lọ.

Lọ́yà ológun á yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀gá kọ́ḿpánì á kọ èrò tiẹ̀ sí i, á sì máa gòkè lọ. Ọ̀gá kọ́ḿpánì ò láṣẹ láti sọ pé ó parí. Ó gbọ́dọ̀ gbé e sókè ni. Tèmi gba oṣù mẹ́rin, oṣù kan ààbọ̀ nínú rẹ̀ ló sùn sínú dúrọ́ọ̀ ẹnìkan tó lọ lífù. Ẹ máa béèrè, lọ́sẹ̀ méjì-méjì, lórí ímeèlì, kó lè ní àkọsílẹ̀. Títí èsì á fi dé, òfin àtẹ̀yìnwá lẹ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má dá hijáàbù wọ̀, ẹ má dá irùngbọ̀n sí. Bí wọ́n bá sì kọ̀, ẹ lè pe ẹjọ́ lọ sókè.

Aṣọ fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ jọ àwọ̀ yunifọ́ọ̀mù, dúdú, búráùn, àwọ̀ ewé tàbí tánńì, kò gbọdọ̀ ní òdòdó tàbí àmì kankan, àyàfi kamúfílájì tó bá aṣọ yín mu. Ojú gbọ́dọ̀ hàn. Etí rẹ̀ nísàlẹ̀, inú ẹ̀wù ló ń wọ̀, kí orúkọ àti ipò àyà yín lè hàn. Wọ́n sì lè ní kí ẹ lo èyí tí iná ò lè tètè ràn.

Ìyẹn ni òfin wí. Ohun tí òfin ò sọ ni Velcro, àlẹ̀mọ́ ṣákiṣàki tí wọ́n fi ń pa ẹnu àpò dé. Gbogbo ibi lára ẹ̀wù wa ló ní in, aṣọ hijáàbù tó rọ̀ sì dà bí ẹja lójú ẹ̀: ó gbá a mú, ó fà á ya. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo di irun mẹ́rin sísàlẹ̀ pátápátá lẹ́yìn ọrùn, torí bí ìdì irun bá wà lókè, akoto tí ológun ń dé á máa yẹ̀ wá síwájú, ojú yín ò ní ríran. Fìlà inú tó fún dáadáa ló tẹ̀ lé e. Hijáàbù alápòòpọ̀ ni mò ń wọ̀, èyí tí wọ́n ti rán pọ̀, tó kàn ń bọ́ sí orí. Mi ò lo pínnì rárá, torí abẹ́ akoto ni pínnì ti ń rántí pé òun mú. Mo wọ hijáàbù kí n tó wọ ẹ̀wù, mo tẹ́ etí rẹ̀ pẹrẹsẹ láyà, mo wá fa síìpù sókè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù, á máa fìka tì í sínú títí di ọ̀sán. Ẹ ra mẹ́fà, ó kéré tán. Òógùn Georgia, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ti Houston.

Ẹ̀yin ọkùnrin, irùngbọ̀n tiyín ò gbọdọ̀ ju íńṣì méjì lọ láti ìsàlẹ̀ àgbọ̀n. Bó bá gùn jù, ẹ ká a tàbí ẹ dì í. Ẹ má fi Vaseline tàbí irú òróró bẹ́ẹ̀ kùn ún lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá máa lo másíìkì gáàsì. Bí ewu gáàsì gidi bá dé, wọ́n lè ní kí ẹ fá a. Ẹ má sì da ìwé ẹ̀sìn pọ̀ mọ́ ìwé dókítà tí wọ́n ń fún ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ ń yọ kókó bó bá fá irùngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú wa adúláwọ̀ ló ní ìyẹn, ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 tí Pete Hegseth, olórí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà nígbà náà, ti kó àwọn ọ̀gágun jọ sí Quantico, ibùdó ológun kan ní Virginia, tó ní òun ò fẹ́ rí irùngbọ̀n mọ́, ọ̀nà dókítà ti fún gan-an. Ti ẹ̀sìn ṣì wà, ẹnìkọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yẹ̀ wò, àmọ́ ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè. Lẹ́tà lẹ́mọ́mù tí n kò nílò nígbà tèmi, ẹ wá a dání.

Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ti ẹ̀sìn rọrùn jù. Bí kò bá hàn síta, tí kò sì dí iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò ní bi yín. Mo bá ọmọ Cuba kan ṣiṣẹ́ rí (àwọn kan ń bọ òrìṣà wa níbẹ̀), ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣí lọ́jọ́ kan tá à ń gbé àpótí, mo rí ìlẹ̀kẹ̀ funfun. Mo ní, “Ọbàtálá?” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju àpótí sílẹ̀. Àtọjọ́ náà ló ti ń kí mi lójoojúmọ́ bí ẹni rí ìyá rẹ̀, èmi ọmọ Alhaji.

Bí ìwé bá jáde, ẹ̀yin ló ni ín. Ó ń bá yín lọ láti ibùdó kan sí òmíràn. Ẹ rí i pé ó wọ inú fáìlì yín lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sínú fóònù, kí ẹ sì ká ọ̀kan sínú ọ̀rá, sínú àpò. Níbi tí wọ́n gbé mi lọ lẹ́yìn náà, sájẹ́ǹtì kan dá mi dúró nínú òjò pé kí n yọ “nǹkan yẹn.” Mi ò bá a jiyàn. Mo yọ ọ̀rá, mo nà án sí i, ó kà á dé ibi ìfọwọ́sí, ó dá a padà. Ọ̀rá yẹn ló gbà mí, torí òjò ò jẹ́ kí fóònù ṣiṣẹ́.

Ọmọ àbúrò ìyá mi fi lẹ́tà tiẹ̀ ránṣẹ́ lánàá kí n bá a wò ó. Ó dáa. Ó fi “ẹ jọ̀ọ́” sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ti ní kó yọ méjì.