Bí Mo Ṣe Pe Òǹkọ̀wé Wá Ka Ìwé Tuntun ní Ṣọ́ọ̀bù Wa ní Ọ̀yọ́

Ìwé ilé ẹ̀kọ́ ló ń tà jù ní ṣọ́ọ̀bù ìtàwé wa ní Òwódé. Òbí á mú lísìtì wá láti ilé ìwé ọmọ, a ó kó ìwé fún un, ó tún di sáà tó ń bọ̀. Ìwé ìtàn àròsọ, ìwé ewì, ìwé eré onítàn àti ìwé ọmọdé tí kì í ṣe ti kíláàsì, ìwọ̀nba làwọn tó ń bèèrè wọn. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ará Ọ̀yọ́ kò kàwé mọ́. Mi ò gbà. Inú ìjálá, rárà àti ẹkún ìyàwó ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, ọ̀rọ̀ tó dùn létí ló máa ń wọ̀ wá lára. Tí èèyàn bá gbọ́ ìwé kan lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, ó máa fẹ́ mú un relé. Mo wá sọ fún Àǹtí, ọ̀gá mi tó ni ṣọ́ọ̀bù, pé kí á má kàn máa to ìwé tuntun sórí pẹpẹ, kí á pe òǹkọ̀wé kan kó wá kà á sókè fún wa.

Àǹtí ní, "Ó dáa. Ìwọ lo máa ṣe é. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ àríyá o. Ìwé ni mo fẹ́ kí wọ́n rà."

Ọjọ́ ni mo kọ́kọ́ mú. Ọjọ́ 21 oṣù Kejì ni UNESCO yà sọ́tọ̀ lọ́dún 1999 fún èdè abínibí lágbàáyé, láti ọdún 2000 ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ yẹn bọ́ sí ni mo fẹ́. Mi ò mú Sátidé, nítorí ìnáwó ló ni Sátidé lọ́dọ̀ tiwa. Jímọ́ọ̀ wà lọ́jọ́ Ẹtì, ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́bọ̀ ni mo mú, aago mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí ilé ìwé bá ti jáde tí oòrùn sì ti ń rọlẹ̀.

Òǹkọ̀wé tó wá sí mi lọ́kàn jẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìyá Olùkọ́ ni gbogbo wa ń pè é. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìtàn àròsọ kan jáde, lórí ọmọbìnrin kan tí wọ́n fẹ́ gbé relé ọkọ, owó ara rẹ̀ ló sì fi tẹ̀ ẹ́. Mo lọ bá a nílé, mo kúnlẹ̀, a kí ara wa, mo sì kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀. Tèmi ni pé ohunkóhun tó bá kan owó láàárín ṣọ́ọ̀bù àti òǹkọ̀wé, kí á sọ ọ́ kí ọjọ́ tó pé, kí á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àdéhùn wa kò le: a ó gba ìwé rẹ̀ láìsan owó sílẹ̀, èyí tó bá tà, a ó yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún gẹ́gẹ́ bí èrè ṣọ́ọ̀bù, ìyókù jẹ́ tirẹ̀. Èyí tí kò bá tà, a ó dá a padà bí a ṣe gbà á, láìya, láìdọ̀tí.

Mo yẹ ẹ̀yìn ìwé náà wò, mo rí nọ́ńbà ISBN, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, oní-13 tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978. Ilé Ìkàwé Ìjọba Àpapọ̀ ló ń fún àwọn òǹtẹ̀wé ní nọ́ńbà yìí ní Nàìjíríà. Mo bi í bóyá ó ti fi ẹ̀dà ìwé ránṣẹ́ sí wọn, torí òfin ọdún 1970 ní kí òǹtẹ̀wé fi ẹ̀dà 3 ránṣẹ́ fún ìtọ́jú. Ó ti ṣe é. Ó dùn mọ́ mi, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ tẹ̀wé kì í rántí.

Ìwé kan ṣoṣo kò lè gbé ètò ró ní ṣọ́ọ̀bù, torí náà mo ní kí wọ́n kó ìwé tuntun mìíràn wá láti Ìbàdàn, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé tó ń tẹ ìwé Yorùbá wà. Ìwé àlọ́ fún ọmọdé ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú eré onítàn díẹ̀ àti ìwé ewì méjì. Dírẹ́bà já páálí fún wa ní gáréèjì. Kí n tó to ohunkóhun, mo ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan láti èèpo dé èèpo, nítorí ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ojú ìwé kan á fò, tàbí kí wọ́n di abala kan ní ìdoríkodò. Oníbàárà tó bá bá irú èyí nílé, kò ní padà wá. Pẹ́ńsù ni mo fi kọ iye owó sínú èèpo, mi ò lo báírò, torí a lè ní láti dá ìwé padà. Ọyẹ́ ṣì wà nílẹ̀, eruku ń bà lé gbogbo nǹkan, àkísà gbígbẹ ni mo ń fi nù wọ́n láràárọ̀.

Tábìlì kan ni mo gbé sẹ́nu ọ̀nà, ìwé tuntun nìkan ló wà lórí rẹ̀. Mo dá wọn dúró kí èèpo iwájú wọn kọjú sí ẹni tó ń wọlé. Ìwé tó bá wà lórí pẹpẹ tó jẹ́ pé ẹ̀yìn tín-ín-rín rẹ̀ nìkan ló hàn, àfi ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa fa á yọ. Mo kọ gbólóhùn méjì sórí páálí kékeré síwájú ìwé kọ̀ọ̀kan: ohun tó dá lé, àti ọjọ́ orí ẹni tó bá mu. Mo kà wọ́n tán kí n tó kọ ọ́. Òǹtàwé tí kò ka ohun tó ń tà, kí ló máa sọ fún òbí tó bá bèèrè?

Ìpolówó kò gba owó púpọ̀. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá ilé ìwé tó wà nítòsí, mo gbé e sórí WhatsApp, wọ́n bá wa kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́sáláṣí àdúgbò. Lẹ́tà yẹn ló ṣiṣẹ́ jù, nítorí ọmọ tí olùkọ́ bá ní kó wá, ó máa ń fa ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání.

Iṣẹ́ tó gbà mí lọ́kàn jù ni yíyan ibi tí a máa kà. Ìyá Olùkọ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́.

Mo ní, "Mà, ẹ má bínú. Ojú ìwé àkọ́kọ́ dùn kà nínú yàrá. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sórí àga oníke lábẹ́ kánópì, tí ọ̀kadà ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ibi tí èèyàn méjì ti ń fa ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn ló máa tètè mú un."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin ni, mà, ní JSS 2."

A mú ibi mẹ́ta: ibi tí ìyá àti ọmọ ti ń jà lórí ọkọ tí ọmọ fẹ́, ibi kan tó pani lẹ́rìn-ín lọ́jà Akẹ̀sán, àti ibi ẹkún ìyàwó. A kò mú èyí tó máa tú àṣírí òpin ìtàn. Mo ní kó kà wọ́n sí mi létí nílé rẹ̀. Ó fi pẹ́ńsù fa ìlà síbi tó ti máa mí, ó sì yọ ìpínrọ̀ kan tó dára lójú ìwé àmọ́ tó gùn jù fún ẹnu.

Lọ́jọ́ náà, kí ó tó kàwé, mo rán àwọn èèyàn létí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú yìí. Ọ̀yọ́ ni Àlùfáà Samuel Johnson ti ṣe olùṣọ́ àgùntàn, ọdún 1897 ló sì parí ìtàn Yorùbá tó kọ. Ìwé tó fi ọwọ́ kọ sọnù lẹ́yìn tó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kó jọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀, ọdún 1921 ló tó di ìwé. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tó jókòó mọ̀ pé ìlú wọn ti ń kọ̀wé láti ìgbà pípẹ́.

Àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ kà nínú ìwé àlọ́ tuntun. Nígbà tí ọmọkùnrin kan dé ibi orin inú àlọ́, kò kà á, ó dá a lórin, gbogbo kánópì sì gbe é. A tà lára ìwé yẹn kó tó padà jókòó.

Ìyá Olùkọ́ bọ́ sí i. Ìjà ìyá àti ọmọ mú wọn, ti Akẹ̀sán pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan ẹkún ìyàwó, ó gbé máíkì sílẹ̀, ó fi ohùn sun ún bí ìyàwó ṣe máa ń sun ún níwájú bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé e lọ. Kò tíì parí nígbà tí ìyá kan tó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá dìde, tó gbà á, tó ń sun èyí tí òun fúnra rẹ̀ sun nígbà ìgbéyàwó tirẹ̀. Ìyá Olùkọ́ pa ìwé dé, ó tẹ́tí. Ẹnikẹ́ni kò dá a lẹ́kun. Àwọn tó dàgbà níbẹ̀ ń nu ojú, àwọn ọmọ sì ń wo ìyá náà tìyanu-tìyanu.

Ọmọbìnrin kan béèrè ìdí tí ìyàwó fi ń sunkún nígbà tó jẹ́ pé ó fẹ́ ọkọ rẹ̀. Ìdáhùn Ìyá Olùkọ́ dára púpọ̀ lójú mi. Ó ní ọjọ́ yẹn ni ọmọ lè dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí ní gbangba, kó tọrọ àdúrà ọmọ, kó sì sọ ìbẹ̀rù rẹ̀ nípa ilé tó ń lọ, títí kan ìyálé tó máa bá níbẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni lè pè é ní aláfojúdi.

Lẹ́yìn èyí ni ó fọwọ́ sí ìwé. Ìwé tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ nìkan ni mo gbé síwájú rẹ̀, nítorí èyí tí a bá ti kọ nǹkan sí, kò ṣeé dá padà mọ́.

Ní ọjọ́ kejì mo ka iye ìwé tó ṣẹ́ kù, mo ṣírò owó, mo fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó tà. Tirẹ̀ àti ìwé àlọ́ ló lọ jù. Ìwé ewì méjì yẹn kò kúrò lórí tábìlì rárá, ilẹ̀ sì ti ń ṣú kí á tó rí àyè kà nínú wọn. Mi ò tíì fẹ́ dá wọn padà sí Ìbàdàn. Akéwì kan wà ní Ìsẹ́yìn tí ohùn rẹ̀ dára. Àǹtí ti ní kí n lọ bá a, kí n gbé ìwé méjèèjì dání, kí á jọ sọ ọ̀rọ̀ owó.