Bí a ṣe ń darí ikọ̀ atọpasẹ̀ ibà Lassa lágbègbè Àkúrẹ́

Ibà Lassa, àrùn tí èèyàn ń kó lára eku àti lára ẹni tó ní i, kì í ṣe àlejò ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní ìlú Lassa, ní Borno, ṣùgbọ́n láti ọdún mélòó kan wá, Òǹdó, Ẹdó àti Bauchi wà lára ibi tó ti ń mú èèyàn jù ní Nàìjíríà. Láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kẹrin ló máa ń le jù. Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, iná ti jó oko, eku ń sá wọlé wá bá gààrí àti èlùbọ́. Iṣẹ́ olórí ikọ̀ pọ̀ ní àsìkò náà, àmọ́ ọ̀kan ló ṣe kókó: kí ẹnikẹ́ni tó fara kan aláìsàn má ṣe bọ́ mọ́ ikọ̀ lọ́wọ́ títí ọjọ́ 21 yóò fi pé. Oògùn wà, dókítà wà, ìkéde orí rédíò wà. Ìwé orúkọ tó pé ló máa ń wọ́n.

Kó ikọ̀ jọ kí ìpè tó wọlé

Ní oṣù Kọkànlá, ó yẹ kí orúkọ àwọn èèyàn rẹ ti wà nílẹ̀. Fún ìjọba ìbílẹ̀ kan, bíi Àkúrẹ́ Gúúsù, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DSNO, òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀, torí òun ló mọ gbogbo ilé ìwòsàn, kẹ́mísì àti ilé agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀. Fi atọpasẹ̀ mẹ́fà kún un, àwọn tí yóò máa bẹ àwọn tó fara kan aláìsàn wò lójoojúmọ́; fi wọlé-wọlé kan, ẹnìkan tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ fáwọn ará àdúgbò, ẹnìkan tó ń bójú tó ìwé orúkọ nìkan, àti awakọ̀.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Atọpasẹ̀ kan kò gbọdọ̀ ní ju èèyàn 10 lọ lójúmọ́. Bí aláìsàn kan bá ti fara kan èèyàn 40, atọpasẹ̀ mẹ́rin nìyẹn, ìbẹ̀wò 840 sì ni wọn yóò ṣe kí ọjọ́ 21 tó pé. Méjì tó kù wà fún ọjọ́ ìsinmi, àti fún aláìsàn kejì, torí ó máa ń wáyé.

Owó ọkọ̀ ni kó o kọ́kọ́ yanjú. San án ní àárọ̀, kí wọ́n tó jáde. Atọpasẹ̀ tó ń fi owó àpò ara rẹ̀ gun ọ̀kadà yóò yí ìbẹ̀wò padà sí ìpè fóònù láìpẹ́, nígbà tó bá sì yá, yóò jókòó sílé máa kọ nọ́ńbà tó wù ú. Wàá mọ̀ ọ́n nínú ìwé: ìgbóná ara gbogbo èèyàn á jẹ́ 36.5°C, láàárọ̀ lálẹ́, ọjọ́ mẹ́rin léra wọn. Ara èèyàn kì í dọ́gba bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, máa mú orúkọ márùn-ún lójoojúmọ́ láìyàn, pè wọ́n fúnra rẹ, kó o sì bi wọ́n pé ta ló wá lónìí, aago mélòó ló dé. Jẹ́ kí gbogbo ikọ̀ mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé wàá máa ṣe bẹ́ẹ̀, kó má bàa dà bíi pé ò ń ṣọ́ ẹnìkan.

Wákàtí 24 àkọ́kọ́

Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná dé 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀, tó ti lo oògùn ibà ẹ̀fọn àti oògùn agbógun-ti-kòkòrò fún wákàtí 48 tí kò lọ, tí ọ̀fun tún ń dùn ún, tàbí àyà, tàbí tó ń bì, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára rẹ̀, tó sì ti rí eku nínú ilé tàbí tọ́jú ẹni tó ní i: yà á sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀. Má dúró de èsì. Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ ti ń tọ́jú ibà Lassa tipẹ́, kò sì ju nǹkan bí 50 km sí Àkúrẹ́. Máà pè é ní “afurasí” létí àwọn ẹbí rẹ̀. Ọlọ́pàá ló ń lo ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò sì ṣe wọ̀ wọ́n létí. “Ẹni tí a ń yẹ ara rẹ̀ wò” ti tó.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà jẹ́ 4 sí 5 ml, nínú ìgò kékeré tó ní ìdérí àwọ̀ àlùkò. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n fi ń dì í: ìgò náà fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà agolo tí omi kò lè gbà jáde, tí òwú wà nínú rẹ̀ láti fa ẹ̀jẹ̀ bó bá dà, lẹ́yìn náà kúlà tó ní yìnyín, láàárín 2 sí 8°C. Má ṣe jẹ́ kó di yìnyín, ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún yóò bàjẹ́. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni orúkọ: wọ́n á kọ “Ìyá Ṣadé” sára ìgò, wọ́n á kọ orúkọ àbísọ sínú fọ́ọ̀mù, ẹ̀ka àyẹ̀wò á sì dá a padà. Orúkọ kan náà, ọjọ́ orí kan náà, níbi méjèèjì.

Ọjọ́ yẹn náà ni kó o bi aláìsàn léèrè, kí okun rẹ̀ tó tán. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n bi í pé, “Ta ni ẹ fara kàn?” Orúkọ mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa fi dá wọn lóhùn. Mú ọjọ́ àìsàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o bi í. Ọjọ́ wo lara kọ́kọ́ gbóná? Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ta lẹ jọ sùn? Kẹ́mísì wo lẹ kọ́kọ́ lọ? Ta ló fa omi (dírípù) sí yín lára? Ta ló fọ aṣọ tí ẹ bì sí? Ọjọ́ Ìsinmi ńkọ́, tàbí Jímọ̀, ibo lẹ wà? Ta ló gbé yín wá síbí, kí sì ni wọ́n fi gbé yín? Lẹ́yìn náà, bi ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà, lọ́tọ̀. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín ìdáhùn méjèèjì ni ibi tí orúkọ tó farapamọ́ wà.

Ní ilé ìwòsàn, má gbára lé ìrántí ẹnikẹ́ni. Gba ìwé ìyànsíṣẹ́ wọ́ọ̀dù láti ọjọ́ tí aláìsàn wọlé, kó o sì ka orúkọ látorí rẹ̀: dókítà, nọ́ọ̀sì, agbálẹ̀, afọṣọ, ẹ̀ka àyẹ̀wò, ẹni orí bẹ́ẹ̀dì kejì, àti òṣìṣẹ́ mọ́ṣúárì bí aláìsàn bá ti kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń bo ara wọn mọ́lẹ̀ torí ìtìjú ju ará ìlú lọ. Bá mátíróònù sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ kó o tó bá wọn sọ̀rọ̀.

Kíka ọjọ́

Ọjọ́ tí ẹni náà fara kan aláìsàn kẹ́yìn ni òdo, kì í ṣe ọjọ́ tí o kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìyàwó bá tọ́jú ọkọ rẹ̀ títí di 3 oṣù Kínní, tí o kò sì rí i kọ sílẹ̀ títí di 8 oṣù náà, 24 oṣù Kínní ṣì ni ọjọ́ rẹ̀ yóò pé. Àmọ́ bó bá tún lọ fọwọ́ kan aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ ní 10 oṣù náà, tún un kà láti ibẹ̀. Kọ ọjọ́ ìparí sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan látìbẹ̀rẹ̀, má fi sílẹ̀ fún ìṣirò orí.

Aboyún nínú ìwé ni kí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀ wò láàárọ̀. Nínú oṣù mẹ́ta ìparí oyún, ó ju ìpín 80 nínú 100 lọ tí ìyá tàbí ọmọ inú rẹ̀ máa ń kú. Bí ara aboyún bá gbóná, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ dúró de ẹnikẹ́ni.

Lẹ́nu ọ̀nà

Lọ kí olórí àdúgbò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Sọ fún un pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ yóò máa wọ àdúgbò. Má dárúkọ aláìsàn. Fi ọkọ̀ tí wọ́n kọ nǹkan sí lára sílẹ̀ ní oríta, kí atọpasẹ̀ fẹsẹ̀ rìn wọlé. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gbóná kò nílò kí o wọ aṣọ ìdáàbòbò wá bá a. Ibọ̀wọ́, ìbòmú àti aṣọ funfun lẹ́nu ọ̀nà ni gbogbo àdúgbò yóò fi mọ̀, onílé sì lè lé ayálégbé jáde ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Dúró ní nǹkan bíi mítà kan sí méjì, ó tó.

Ẹni tó dàgbà jù nílé ni kí wọ́n kí. “Ẹ kú ilé o, mà. Òṣìṣẹ́ ìlera ni wá, a wá bẹ̀ yín wò. Àárẹ̀ ń mú ẹni yín, a kí yín kú ìrọ́jú. A fẹ́ kí àwọn tó tọ́jú rẹ̀ wà láàyè ni, a ó máa wá wo ara yín fún ọjọ́ 21. Bí ara ò bá gbóná, kò sẹ́ni tó ń gbé ẹnikẹ́ni lọ. Bó bá gbóná, a ó gbé onítọ̀hún lọ kíá, torí oògùn ń ṣiṣẹ́ jù bó bá tètè kàn án.” Má ṣe ìlérí pé o kò ní gbé ẹnikẹ́ni lọ rárá. Ọjọ́ tí irọ́ náà bá já, ilẹ̀kùn yẹn ti tì nìyẹn.

Fún olúkúlùkù ní tẹmọ́mítà tirẹ̀, abẹ́ apá ni, láàárọ̀ àti lálẹ́. Atọpasẹ̀ yóò fojú rí i lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ìpè fóònù ni ẹ̀ẹ̀kejì. Kó tó gba nọ́ńbà, kó béèrè pé: “Ṣé ẹ lo parasitámọ́ọ̀lù kankan lónìí?” Oògùn yìí ń bo ibà mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń lò ó nítorí ẹ̀rù kí wọ́n má bàa gbé wọn lọ. Tẹmọ́mítà ìbọn tí wọ́n ń nà síwájú orí máa ń ṣìnà nínú oòrùn àti lórí òógùn; kí ẹni náà kọ́kọ́ jókòó sábẹ́ ibòji díẹ̀.

Bí ẹnìkan bá ti rìnrìn àjò, lọ sí Èkó tàbí Benin, gba nọ́ńbà rẹ̀ àti àdírẹ́sì ibi tó lọ, kó o sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ àrùn ní ìpínlẹ̀ rẹ lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n lè kàn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ́hùn-ún. Máà yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé títí ẹlòmíràn yóò fi sọ pé òun ti rí i.

JIK, òkú, àti eku

Omi ìpakòkòrò oríṣi méjì ló wà. Èyí tó le, 0.5%, wà fún ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀, èébì àti òkú. Èyí tó fúyẹ́, 0.05%, wà fún àwo àti aṣọ. Ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò JIK, omi kílórínì tí wọ́n fi ń pò ó, ná. Bó bá jẹ́ 3.5%, ife JIK kan sí ife omi mẹ́fà yóò di 0.5%. Bó bá jẹ́ 5%, ife kan sí mẹ́sàn-án. Láti rí 0.05%, bu ife kan nínú èyí tó le, kó o fi ife omi mẹ́sàn-án lù ú. Kílórínì oníyẹ̀fun tó jẹ́ 70%, gíráàmù 7 sí lítà omi kan fún èyí tó le. Tuntun ni kó o máa pò lójoojúmọ́, torí agbára rẹ̀ kì í ju wákàtí 24 lọ, oòrùn sì tètè ń pa á. Kọ ọjọ́ sára kẹ́ẹ̀gì. Má ṣe dà á pọ̀ mọ́ oògùn ìfọṣáláńgá, èéfín olóró ló máa ń mú jáde. Ọṣẹ àti omi ló dára jù fún ọwọ́.

Bí aláìsàn bá kú, ẹ̀rù ti ń ba ẹbí pé wọn ò ní rí òkú wọn. Jẹ́ kí wọ́n wò ó láti òkèèrè, kí àlùfáà tàbí pásítọ̀ gbàdúrà, kí ọmọ kan mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ohun tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe ni kí wọ́n wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tún irun rẹ̀ ṣe tàbí fọwọ́ kan án. Bí o bá fún wọn ní àkọ́kọ́ mẹ́ta yẹn, wọ́n máa ń gbà fún ìkẹyìn.

Wọlé-wọlé ni kí o rán sí ọ̀ràn eku: gààrí nínú ike tó ní ìdérí, kí wọ́n má sá a sẹ́bàá títì, kí wọ́n dí ihò ara ògiri. Eku tó kú, JIK ni kí wọ́n kọ́kọ́ dà lé e lórí, kí wọ́n fi ọ̀rá bo ọwọ́ mú un, kí wọ́n sì sin ín.

Àwọn èèyàn rẹ fúnra wọn

Aago méje ààbọ̀ àárọ̀, ìṣẹ́jú 15 péré: ta ló ń lọ síbo, ta ni wọn ò rí lánàá. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìwé orúkọ padà dé. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló yẹ kó o mọ̀ kó o tó sùn: nínú gbogbo àwọn tó yẹ ká rí lónìí, mélòó la fojú rí? Bó bá ti wálẹ̀ ju 90 nínú 100 lọ, má fi orúkọ tuntun kún ti atọpasẹ̀ kankan títí o fi máa mọ ìdí.

Ẹni tí abẹ́rẹ́ bá gún nínú ikọ̀, ọṣẹ àti omi lójú ẹsẹ̀, kó má fún ojú ọgbẹ́ náà, kó sì sọ fún ọ láàárín wákàtí kan. Dókítà ló máa pinnu bóyá yóò lo ribavirin, oògùn ibà Lassa. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná kò gbọdọ̀ ra oògùn ní kẹ́mísì lọ sílé. Bí o bá bú ẹni tó sọ, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní sọ.

Ní ọjọ́ tí 21 bá pé, atọpasẹ̀ nìkan kò tó. Lọ fúnra rẹ. Gba tẹmọ́mítà padà, fi ọtí 70% nù ún, fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù lójú wọn, kó o sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn díẹ̀, níbi tí àwọn aládùúgbò yóò ti rí i pé o jókòó.