Ibo ló yẹ kẹ́ ẹ gbé skríìnì kámẹ́rà ẹ̀yìn sí nínú bọ́ọ̀sì?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa bọ́ọ̀sì gígùn ní Òṣogbo, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí rẹwáyà lu ihò kankan sí dáṣíbọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó dán an wò. Ẹ gé páálí tó tóbi tó skríìnì yẹn, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ síbi tó wù yín, kẹ́ ẹ wá jókòó bẹ́ ẹ ṣe máa ń wakọ̀ gan-an, ẹ wò ó bóyá ẹ ṣì ń rí ọlọ́kadà àti ọmọdé tó fẹ́ sọdá níwájú. Àárín wíńdískíríìnì ò dáa rárá, ó ń dí ojú. Lójú tèmi o, ibi míráọ̀ inú ọkọ̀ lókè lọ́hùn-ún ló dáa jù, torí ibẹ̀ lojú dírẹ́bà ti mọ́ ọn lára àtimáa wò, bí èrò àti ẹrù bá sì ti kún ọkọ̀, míráọ̀ yẹn ò kúkú rí ẹ̀yìn mọ́. Ẹ wò ó lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn bá ń ta sí i ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀. Ibi tí wọ́n bá kọ SRS AIRBAG sí, ìyẹn báàgì afẹ́fẹ́ tó máa ń wú jáde tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ẹ má gbé nǹkan kan síbẹ̀, tí báàgì yẹn bá bẹ́ jáde ó máa ju skríìnì lu èèyàn ni. Ara iná rìfáàsì ni kí wọ́n ti fa wáyà tó ń tan skríìnì náà.