Bí iná ṣe padà sí ẹ́ńjìnnì Johnson ọdún 1956

Ẹ́ńjìnnì Johnson Sea-Horse alágbára ẹṣin 10 tí mo rà fún ọkọ̀ ojú omi onípákó àtijọ́ kan ń yí dáadáa, ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kò tan iná rárá. Nígbà tí mo tú fláíwíìlì, àgbá irin tó ń yí lórí ẹ́ńjìnnì, mo rí i pé ọjọ́ orí ti mú kí ara kọ́ìlì méjèèjì tó ń pèsè iná fún púlọ́ọ̀gì sán. Mo fi tuntun rọ́pò wọn, mo fọ ojú kọ́ńtáàtì (irin kékeré méjì tó ń pàdé tó sì ń pínyà kí iná lè tàn) mọ́, mo sì wọn àlàfo rẹ̀ sí íǹṣì 0.020, iṣẹ́ tó gba sùúrù ju gbogbo ìyókù lọ. Bẹntiróòlù 24 sí ọ́ìlì 1 ni mo pò fún un; ọ́ìlì inú àdàlù 50 sí 1 tòde òní kò tó fún béárìn rẹ̀, ìyẹn ibi tí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ti ń yí.