Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì FRTL-5 kò bá dá TSH lóhùn

Ìbéèrè: Sẹ́ẹ̀lì tairọ́ìdì eku tí wọ́n ń pè ní FRTL-5 ni mò ń lò. Mo yọ TSH, họ́mónù tó ń pe tairọ́ìdì sí iṣẹ́, kúrò nínú omi oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, mo dá a padà, mo sì wọn mRNA (ẹ̀dà àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe purotéènì) ti thyroglobulin, purotéènì tí tairọ́ìdì fi ń ṣe họ́mónù rẹ̀, lọ́jọ́ kejì. Iye rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti abọ́ tí n kò fi TSH sí lọ. Ṣé TSH mi ló ti bàjẹ́?

Ìdáhùn: Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n abọ́ tí ẹ kò fi TSH sí yẹn ni mo kọ́kọ́ fura sí. Èròjà mẹ́fà ni a fi ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì yìí: TSH, insulin, cortisol, transferrin, somatostatin àti glycyl-histidyl-lysine, pẹ̀lú omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù tó jẹ́ ìdá 5 nínú 100. Bí ẹ bá yọ TSH nìkan, insulin ṣì wà níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ tí a sì máa ń lò, ìyẹn 10 µg nínú mílílítà kan, pọ̀ débi pé ó ń ṣiṣẹ́ IGF-1, họ́mónù ìdàgbàsókè tó jọ insulin, èyí tó lè gbé mRNA thyroglobulin sókè fúnra rẹ̀ láìsí TSH rárá. Nítorí náà, mRNA náà ti ga nínú abọ́ ìfiwéra yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ insulin pẹ̀lú TSH, ẹ dín omi ẹ̀jẹ̀ náà kù sí ìdá 0.2 nínú 100, torí pé IGF-1 wà nínú òun náà, kí ẹ wá ṣe abọ́ mẹ́rin: èyí tí kò ní nǹkan kan, ti TSH nìkan, ti insulin nìkan, àti ti àwọn méjèèjì.

Ẹ fi abọ́ forskolin kún un. Forskolin jẹ́ kẹ́míkà tó ń mú kí cAMP, èyí tó ń gbé iṣẹ́ tí TSH rán wọ inú sẹ́ẹ̀lì, pọ̀ láì dúró de TSH. Nítorí náà, bí òun bá ṣiṣẹ́ tí TSH kò ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé TSH tàbí ibi tó ti ń so mọ́ sẹ́ẹ̀lì ló ní ìṣòro. Bí kò bá sí èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì, ẹ yọ sẹ́ẹ̀lì mìíràn láti inú yìnyín; èyí tó ti pẹ́ jù lẹ́nu pípín láti abọ́ dé abọ́ máa ń gbàgbé iṣẹ́ tairọ́ìdì.

Ìbéèrè: Thyroglobulin ti gòkè, ṣùgbọ́n mRNA NIS, tó ń gbé iodide wọ sẹ́ẹ̀lì, kéré nínú abọ́ TSH pẹ̀lú insulin ju ti TSH nìkan lọ. Ṣé mo ṣi abọ́ mú ni?

Ìdáhùn: Rárá. Insulin àti IGF-1 máa ń dín agbára TSH lórí NIS kù, láti ọ̀nà PI3K (ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà rìn nínú sẹ́ẹ̀lì), bí wọ́n tilẹ̀ ń ran thyroglobulin lọ́wọ́. Ẹ má ṣe fi jíìnì kan ṣèdájọ́ èkejì. TGF-β, purotéènì mìíràn tó ń rán iṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì, ní tirẹ̀ ń tẹ jíìnì méjèèjì rì.

Ìbéèrè: mRNA NIS pọ̀ lọ́jọ́ kejì, síbẹ̀ sẹ́ẹ̀lì kò tíì gba iodide púpọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ ní sùúrù. mRNA máa ń dé góńgó ní nǹkan bíi wákàtí 24, gbígba iodide sì máa ń tó wákàtí 72, torí pé sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe purotéènì náà kí ó sì gbé e dé awọ ara rẹ̀. Ẹ má sì yọ TSH láàárín àkókò yìí, nítorí òun ló ń mú kí NIS wà níbẹ̀.