Páálí Ewé Ẹ̀gẹ́ Tó Sun Ọjọ́ Mẹ́tàlélógún Ní Ìkẹjà

₦120,000 ni mo yà sọ́tọ̀ láti fi ewé ẹ̀gẹ́ 40 ránṣẹ́ sí England. Kí ewé náà tó débẹ̀, mo ti ná ₦310,000. Owó tí mo ń tọ́jú fún kọ̀ǹpútà ló bá a lọ. Síbẹ̀, bí mo bá jókòó tí mo bá rò ó, ọjọ́ tó ṣòfò ló ń dùn mí ju owó lọ.

Bàbá kan tó ń dáko ní Ìgbòòrà ló pè mí pé kí n wá wo ẹ̀gẹ́ òun. Ewé rẹ̀ ti ká kò, àmì pupa-rúsúrúsú wà lára rẹ̀ káàkiri, èyí tó wà nílẹ̀ kò sì ju àtàǹpàkò lọ. Ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn ni mò ń kọ́ n'Íbàdàn, mo mọ àrùn náà lójú. Mosaic ni. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, àwọn eṣinṣin funfun kéékèèké tó máa ń sá pamọ́ sábẹ́ ewé ló ń gbé e kiri, àwa èèyàn náà sì ń bá wọn gbé e bí a bá gé igi lára ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàìsàn lọ gbìn síbòmíràn. Ojú lásán kò lè sọ oríṣi fáírọ́ọ̀sì tó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ bí oríṣi méjì bá bára wọn pàdé nínú igi kan, ìyà tí ẹ̀gẹ́ máa jẹ á ju ìyà lọ. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ba oko ẹ̀gẹ́ jẹ́ ní Uganda ní àwọn ọdún 1990. Torí náà mo fẹ́ kí wọ́n ka DNA fáírọ́ọ̀sì náà, kí a lè mọ oríṣi tó jẹ́, yàrá àyẹ̀wò kan ní England sì gbà láti bá mi ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Mi ò ní fi gígé ewé àti gbígbẹ rẹ̀ gba àkókò yín. Ẹ kó o sínú àpò bébà pẹ̀lú àwọn hóró tó ń fa omi, irú èyí tí a máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun, ẹ kọ nọ́ńbà sí i lára, ó parí.

Ìwé àdéhùn ni mo kọ́kọ́ bá jà. Nínú ìwé tí yàrá àyẹ̀wò náà fi ránṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ pé ohunkóhun tí a bá rí nínú ewé náà, tiwọn ni. Mo gbé e lọ bá Prọ́ọ̀fù, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, "Má bọwọ́ lù ú o." Àdéhùn Nagoya, tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lé lórí ní 2010 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, sọ ọ́ pé ẹni tó bá mú ohun ọ̀gbìn ìlú kan lọ ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ gbàṣẹ, kó sì bá ìlú náà pín èrè tó bá tibẹ̀ jáde. Mo kọ ìyẹn sí wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko la fi ń kọ lẹ́tà síra wa. Níkẹyìn, lọ́yà wọn yí gbólóhùn náà padà: àwa méjèèjì la ni àbájáde, orúkọ tiwa náà sì gbọ́dọ̀ wà lórí ohunkóhun tí wọ́n bá tẹ̀ jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mi ò lówó, mi ò sì lẹ́nìkan níbì kan, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Inú mi ṣì ń dùn sí i títí dòní.

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Ìkẹjà ló kù.

Nínú fọ́ọ̀mù iléeṣẹ́ tó ń gbé ẹrù, níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tó wà nínú páálí, mo kọ ọ́ pé ewé ẹ̀gẹ́ gbígbẹ tó ní fáírọ́ọ̀sì mosaic. Òótọ́ ni mo kọ. Ọjọ́ kejì, fóònù mi dún: "Ọ̀gá, fáírọ́ọ̀sì wo lẹ kó fún wa?" Mo ṣàlàyé pé ẹ̀gẹ́ nìkan ló ń bá jà, pé ẹni tó bá jẹ ewé náà tútù kò lè kó o. Ó ní òun gbọ́, àmọ́ ẹ̀rọ ti dá páálí náà dúró.

Wọ́n ní kí n mú ìwé dókítà wá. Dókítà wo ló ń tọ́jú ẹ̀gẹ́? Mo wọ mọ́tò láti Ìbàdàn lọ ṣàlàyé fún wọn lójúkojú, wọ́n ní ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò sí ńlé. Ìgbà kejì tí mo lọ, wọ́n ní àfi kí n ra páálí pàtàkì tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn. Mo rà á ní ₦85,000. Ìgbà kẹta, ẹlòmíràn wò ó, ó ní ta ló ní kí n ra èyí. Gbogbo ọjọ́ tí ẹrù náà fi wà lọ́wọ́ wọn, owó ìtọ́jú rẹ̀ ń gorí ara wọn.

Lórí bẹ́ǹṣì wọn níbẹ̀, ìtàn kan ń wá sí mi lọ́kàn ṣáá. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà wọ ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì ń jẹ ẹ̀gẹ́ run láti Congo lọ síbi gbogbo. Ní 1981, wọ́n rí agbọ́n tín-ín-tìn-ìn-tín kan ní Paraguay tó máa ń pa kòkòrò náà. Wọ́n gbé e lọ sí London, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún kan náà. Hans Herren, tó darí iṣẹ́ náà ní IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn tó wà n'Íbàdàn, gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Kòkòrò alààyè la ń sọ yìí, ó sì kọjá òkun méjì. Ewé gbígbẹ tèmi kò lè kúrò ní Ìkẹjà.

Ìgbà kẹrin ni mo bá ìyá kan pàdé níbẹ̀. Wọ́n wo fọ́ọ̀mù mi, wọ́n béèrè pé, "Ọmọ mi, lẹ́tà àṣẹ àwọn ará ibẹ̀ dà?" Mo ní inú páálí ni lẹ́tà tó gba ewé náà láàyè láti wọ England wà. Wọ́n mi orí. Ta ló máa rí i nínú páálí tí wọ́n ti lẹ̀ pa? Wọ́n ní kí n yọ ọ́, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara páálí níta, kí n sì kọ fọ́ọ̀mù tuntun: ewé gbígbẹ fún ìwádìí, kì í ran èèyàn, kì í ran ẹranko. Orúkọ fáírọ́ọ̀sì náà wà nínú lẹ́tà yẹn kedere, a ò fi nǹkan kan pamọ́ fẹ́nikẹ́ni. Ìdajì wákàtí ló gbà. Ọjọ́ kẹta, páálí ti dé England.

Ìdajì wákàtí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàlélógún! Inú ṣì ń bí mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìwé àdéhùn parí kẹ́ ẹ tó gé ewé kan. Lẹ́tà àṣẹ, ìta ni. Kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ béèrè nílé, torí ohun tó dùn mí jù nìyí: Covenant University ní Ọ̀tà wà lára WAVE, àwọn onímọ̀ tó ń tọpa fáírọ́ọ̀sì ẹ̀gẹ́ láti Côte d'Ivoire dé Benin, Togo, Ghana àti Congo, tí olú ilé wọn wà ní Bingerville. Ní Kenya, ní 2018, àwọn onímọ̀ gbé ẹ̀rọ tí kò ju fóònù lọ sábẹ́ igi lóko, wọ́n sì ka DNA ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀tà ò jìnnà sí Ìkẹjà tí mo ń lọ tí mo ń bọ̀. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkàn mi ti lọ sókè òkun.

Èsì dé lẹ́yìn oṣù kan ààbọ̀. Oríṣi méjì ni, wọ́n sì wà pa pọ̀ nínú èyí tó ju ìdajì ewé náà lọ. Mo pe Bàbá lọ́gán.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé igi kankan nínú oko yẹn lọ gbìn o."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ọmọ mi, òjò ti fẹ́ẹ́ lọ. Mo ti gbìn ín sí éékà méjì."

Mò ń lọ sí Ìgbòòrà ní Sátidé. Mo ti bá wọn wá ìdì igi TME 419 mẹ́wàá, ẹ̀gẹ́ tó ti Togo wá tí mosaic kì í tètè mú. Kò lè kárí éékà méjì. A ó jọ fa èyí tó ti ń ká kò tu, a ó sì fi tuntun rọ́pò ibi tó bá mọ.